Àga Tí Màmá Aránṣọ Kọ̀ Láti Jókòó Sí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Màmá wa, ìyá tó bí Dádì mi, kó kọ́kọ́ wo etí rẹ̀ nínú fọ́tò. Gbogbo fọ́tò tí Màmá yà láyé rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì ló hàn. Gèlè rẹ̀ kì í bo etí. Ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí orúnkún, ẹnu rẹ̀ á pa dé, á wá kọjú sí ẹni tó ń yà á bíi pé ó fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. "Fọ́tò kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta eyín," ló máa ń wí. Nígbà tó wá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ wa ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń wá fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe pósítà ìsìnkú, ojú kan náà ni wọ́n ń bá nínú gbogbo rẹ̀. Àfi ọ̀kan.

Nínú ọ̀kan yẹn, Màmá ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn wà lórí itan rẹ̀. Ọ́ńkù Káyọ̀dé, àbíkẹ́yìn Màmá, ní kò sí wàhálà, àwọn tó ń tẹ pósítà á fi kọ̀ǹpútà gé ọwọ́ yẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Mo fò dìde. Mo ní ẹni tó bá gé ọwọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ máa jà, kí òkú Màmá tó kúrò ní mọ́ṣúárì.

"Fúnmi, rọra," ni Dádì wí.

Mi ò rọra. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń rọra sọ. Èmi ni mo bá Màmá lọ wá ọwọ́ náà wá. Tí mi ò bá sọ ọ́, ta ló máa sọ ọ́?

Aránṣọ ni Màmá, ní àdúgbò Yaba ní ìlú Oǹdó. Máṣíìnì rẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé iwájú ilé, kò sì sí ẹni tó máa gba ojú ọ̀nà náà kọjá tí kò ní rí i. Píìnì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á kó wọn sẹ́nu, á máa bá èèyàn jà láàárín wọn, píìnì kan ò ní jábọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ládùúgbò, ì báà jẹ́ ti ìkómọ, ì báà jẹ́ ti ìgbéyàwó, ó gbọ́dọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá ná. "Ìwọ, padà wá. Kọ́là rẹ wọ́. Ta ló wé gèlè yìí fún ọ, ṣé o ò létí ni?" Gbogbo ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni.

Mo rántí ọ̀dọ́kùnrin kan tó yá kóòtù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀. Ó fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé àna. Màmá ní kó bọ́ ọ. Ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀bẹ̀ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Màmá ò tilẹ̀ wò ó. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sábẹ́ kóòtù, ó rán ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ó lọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi le gbangba, ó tún un wọ̀ fún un. Ló wá sọ fún un pé, "Tó o bá wọ aṣọ aláṣọ yà á, kóòtù yẹn ni wọn óò máa retí nílé àna rẹ títí ayé."

Òun àti ìyá mi ò gbọ́ra wọn yé lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Bá a bá ti dé láti Àkúrẹ́, kí á tó kí i tán, Màmá ti ń wo etí aṣọ wa. Á tú u, á fà á sísàlẹ̀, á tún un rán. "Màmá, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní Àkúrẹ́ nìyẹn o," ni ìyá mi máa ń wí. Màmá á gbójú sókè lórí máṣíìnì: "Ṣé àwọn ará Àkúrẹ́ ò mọ̀ pé èèyàn ní orúnkún ni?"

Ẹ gbà mí o, obìnrin yìí tó ń ṣe olùkọ́ gbogbo ayé lórí fọ́tò, fọ́tò ló da ilé tirẹ̀ rú.

Ìyàwó méjì ni Bàbá wa, ọkọ Màmá, ní. Ọmọ Ìta-Ògbólú ni ìyálé, tòsí Ìjú níbẹ̀ yẹn. Màmá ló tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Màmá ju ìyálé rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló fi ìgbà ọmọge rẹ̀ tọ́jú, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kó tó lọ́kọ. Nígbà tó fi máa wọ ilé Bàbá, ìyálé tó kéré sí i ti bí Àǹtí Dúpẹ́, ó ti já a lẹ́nu ọmú. Gbogbo wa la sì mọ bó ṣe rí: nínú ilé ọkọ, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ tí ìyá bí i. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe ń kúnlẹ̀ kí ẹni tó jẹ́ àbúrò fún un láràárọ̀, tó ń pè é ní "Ìyálé mi", tó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìyálé náà á máa pè é ní "ìyàwó". Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dùn mọ́ ọn. Ó ní, "Kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dé."

Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá ìyálé dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyálé lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ìta-Ògbólú. Ó fi Àǹtí Dúpẹ́ sílẹ̀ sọ́dọ̀ Màmá. Bó ṣe wà lọ́hùn-ún ni onífọ́tò kan gba àdúgbò kọjá. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ rán agbádá tuntun. Ó gbé àga ńlá rẹ̀ méjì síta, ó jókòó sí ọ̀kan, ó ní kí Màmá wá jókòó sí ìkejì. Àga ìyálé nìyẹn o. Màmá jókòó. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, wọ́n fi gíláàsì sí i, Bàbá kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀.

Ìyálé sin ìyá rẹ̀ tán, ó padà wálé. Kó tó sọ ẹrù orí kalẹ̀ ló ti rí i lára ògiri. Àǹtí Dúpẹ́ wà níbẹ̀, òun ló sọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀ fún mi: "Mo lọ sin ìyá mi, ẹ̀yin náà ti fi fọ́tò sin mí." Ẹrù yẹn ò kúrò lórí rẹ̀. Ó yí padà. Bàbá ránṣẹ́, àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní ìgbà tí ẹni tó wà lórí àga òun bá dìde lòun máa wálé. Bàbá náà ṣorí kunkun, ó ní obìnrin kan ò lè pàṣẹ ògiri fún òun. Nígbà tí Bàbá kú, ìyálé wá sin ín, ilé aládùúgbò ló sùn. Kò fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà wa.

Màmá ló tọ́ Àǹtí Dúpẹ́ dàgbà. Aṣọ ọdún Àǹtí Dúpẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ rán, kó tó kan ti àwọn ọmọ inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ìyálé létí rẹ̀. Ojú rẹ̀ á yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ọkọ ló ní kí n jókòó. Ṣé kí n máa dúró ni?"

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Èkìtì ti gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kúrò lára wa ni ọ̀rọ̀ fọ́tò kejì wáyé. Sẹkitéríàtì ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ni Dádì ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín fáìlì, tí wọ́n ń pín tábìlì, tí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán láti ọjọ́ pípẹ́ di ẹrù wọn, tí wọ́n kọrí sí Adó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún Màmá pé kó má fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì mọ́, ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ẹ̀rù ń ba Dádì. Ó ní dandan ni, ní Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde, gbogbo ọmọ Bàbá á pé sí Oǹdó, wọ́n á ya fọ́tò kan tó kó gbogbo ilé pọ̀, kí ọjọ́ tó lọ.

Inú Màmá dùn dé gongo. Kíá ló gbàgbé dókítà. Wọ́n rán èmi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí n máa bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Àwọn kan dábàá pé ká ra aṣọ kan náà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni Màmá wí. "Ṣé ọmọ ilé-ìwé ni wá? Ẹni tó bá dúdú á wọ ohun tó tàn, ẹni tó bá pupa á wọ ohun tó jinlẹ̀." Tóyìn àbúrò mi ní dandan, Bíńgò ajá òun gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò. Aládùúgbò Màmá kan rí òun àti ajá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Háà! Ẹ gbé ajá wá sí Oǹdó? Ẹ mà láyà o! Ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ yà á ni, àbí ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè?" Tóyìn bú sẹ́kún. Màmá fi àjákù àǹkárá rán ọ̀já ọrùn fún ajá náà, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ó wá kọjú sí aládùúgbò. "Ẹni tí mo bá ti ránṣọ fún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sè é."

Ní ọ̀sán Gúùdù Fúráídè, Dádì gbé àga síta láti wo bí fọ́tò ṣe máa rí. Àga ńlá Bàbá méjèèjì ló gbé sáàárín. Fìlà Bàbá ló máa wà lórí ọ̀kan.

"Màmá, ẹ wá jókòó sí ìkejì yìí, ká wò ó."

Màmá yọ píìnì kúrò lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Ta ló ni àga yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kọ́. Mo ti jókòó síbẹ̀ nígbà kan. Ṣé ẹ ò rí ohun tó dá sílẹ̀ ni?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Ṣé ẹni tó ni ín ti kú ni?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹni tí kò tíì kú, wọn kì í jókòó sí àga rẹ̀. Ìjọba pín fáìlì, ìyẹn ò kàn mí. Ilé yìí ò ní pín lójú mi. Bí ìyálé mi ò bá sí níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò yín, ẹ má fi èmi sí i."

Ẹnu ya gbogbo wa. Obìnrin tí a ò gbọdọ̀ dárúkọ! Àǹtí Dúpẹ́ fi ọwọ́ bojú, ó wọ yàrá lọ. Dádì ní àwọn ọmọ ti gbéra láti Èkó àti Kàdúná, pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ta ló mọ ẹni tó máa wà?

"Ohun tí èmi náà ń wí nìyẹn," ni Màmá dáhùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ní kí n gun àpótí, kí n gbé fọ́tò àtijọ́ yẹn kúrò lára ògiri. Ojú ibi tó ti wà mọ́ ju ìyókù ògiri lọ. Ó fi ìró rẹ̀ kan wé e, a wọ ọkọ̀ tasín Àkúrẹ́. Kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Nígbà tá a dé Ọ̀wẹnà, tí àwọn ọlọ́jà ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wọnú ọkọ̀ sí wa, Màmá tó fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀mí rẹ̀ ò tilẹ̀ yíjú síta. Ó gbá fọ́tò mọ́ra bí ọmọ tuntun. Láti Àkúrẹ́, a tún wọ ọkọ̀ míì lọ sí Ìta-Ògbólú.

Iwájú ilé la bá ìyálé, Màmá Ìta-Ògbólú fúnra rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyálé mi, ẹ kúulé o."

Ó wò wá títí. "Ta nìyẹn?" ló bi wá, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀.

Màmá kúnlẹ̀. Lórí ilẹ̀ lásán, pẹ̀lú orúnkún tí kì í jẹ́ kó sùn. Mo fẹ́ dì í mú, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ẹ wá bá wa ya fọ́tò," ló wí.

Màmá Ìta-Ògbólú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dùn. "Fọ́tò? Èyí tó wà lára ògiri ò tíì tó yín ni?"

Màmá tú ìró. "Mo gbé e wá. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ò wò ó dáadáa lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló kù tí mo fẹ́ wò?"

"Ìjókòó mi. Ẹ wo bí mo ṣe jókòó."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lábẹ́ fọ́tò yẹn ni mo ti máa ń jẹun tá a bá lọ sí Oǹdó láti kékeré, mi ò sì rí i rí. Bàbá fẹ̀yìn ti àga, ó kún un. Ṣùgbọ́n etí àga ni Màmá jókòó sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn àga, gìgísẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ìjókòó ẹni tó fẹ́ dìde ni.

"Bàbá ní kí n jókòó, mi ò lè ní rárá," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò gbé ẹ̀yìn lé e. Ẹ̀yin ni mò ń retí. Àtìgbà yẹn, mi ò rí ẹni tí mo máa fi hàn. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n wá."

Màmá Ìta-Ògbólú gba fọ́tò náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó fi etí ìró nu gíláàsì rẹ̀, ó tún un nù.

"Dìde," ló wí níkẹyìn. "Orúnkún rẹ kì í ṣe ti ọmọge mọ́."

"Ṣé ẹ máa wá?"

"Mo ní kó o dìde. Mi ò sọ pé mò ń bọ̀."

Ó di ẹ̀gúsí fún wa. Kò dá fọ́tò padà. Nínú ọkọ̀, Màmá ò yé sọ fún mi pé, "Ó gba fọ́tò. O rí i pé ó gbà á?"

Mọ́ńdè dé. Onífọ́tò dé láti Àkúrẹ́, Màmá sì ti dá a lẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi sú u: etí méjèèjì, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta eyín. Gbogbo wa ti múra. Bíńgò pàápàá múra. Àga ṣófo. Oòrùn ń gun òkè, páódà ń ṣàn lójú àwọn ìyá wa.

"Màmá, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń lọ o," ni onífọ́tò wí.

"Ìwọ náà lè máa bá a lọ."

Dádì ti ń rìn síwá rìn sẹ́yìn, inú ti ń bí i. Ìgbà náà ni tasín kan dúró. Màmá Ìta-Ògbólú sọ̀ kalẹ̀ nínú sányán, gèlè rẹ̀ ò bo etí. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò wọlé. Kò padà.

Àṣé Màmá ti gbé omi sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àárọ̀. A rò pé ti ìfọwọ́ ni. Ó gbé e jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wẹ ẹsẹ̀ ìyálé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun.

"Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ sọ mí di ìyàwó lójú àwọn ọmọ?"

"Ẹ wọlé, Ìyálé mi. Ulé yín ni." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Ìta-Ògbólú ló pè é.

Àǹtí Dúpẹ́ bú sẹ́kún. Màmá jágbe mọ́ ọn: "Dúpẹ́! Páódà rẹ! Ta ló máa tún un kùn?" Òun náà ti ń sunkún.

Ìyálé jókòó sórí àga rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Bí onífọ́tò ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni ìyálé na ọwọ́, ó gbé e lé itan Màmá, ó sọ nǹkan sí i létí. Onífọ́tò rántí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín, ẹ gbé e sórí orúnkún tiyín."

"Fi sílẹ̀," ni Màmá wí. "Yà á." Eyín rẹ̀ ti jáde pátá.

Mo bi í nígbà tó yá ohun tí ìyálé sọ sí i létí. Ó ní, "Ó ní kí n jókòó dáadáa."

Fọ́tò tí wọ́n fẹ́ gé nìyẹn o. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán ní pálọ̀ wa, Àǹtí Dúpẹ́ ló ní, "Bí àwọn ìyá mi méjèèjì ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Ọ́ńkù Káyọ̀dé wolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹbí ti ránṣẹ́ sí Ìta-Ògbólú pé kí ìyálé má wá o. Òun ni àgbà nínú ilé, ìyàwó rẹ̀ ló kú, àgbà kì í sì í sin ọmọdé. Kò fèsì. Láàárọ̀ ìsìnkú, tí wọ́n tẹ́ Màmá sí pálọ̀ ní Oǹdó, tasín dúró. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó dúró níwájú pósítà tá a lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi ọwọ́ kan ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà lọ pàdé rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni àgbà. Kò yẹ kẹ́ ẹ rí i."

"Nínú ilé ọkọ, èmi ni àgbà," ló wí. "Mo ti ṣe àgbà yẹn, ó tó mi. Lónìí, ọjọ́ tí ìyá bí wa ni mo fi ń kà á. Ẹ̀gbọ́n mi ló kú, mo wá sin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ yà lọ́nà."

Wọ́n yà. Àǹtí Dúpẹ́ di apá rẹ̀ kan mú, èmi di ìkejì. Ó wo gèlè tí wọ́n wé fún Màmá, ó kọ háà. Ó ká a sókè lọ́tùn-ún, ó ká a sókè lósì, títí etí Màmá méjèèjì fi hàn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ gbé ẹ̀yìn lé e wàyí. Ó dàárọ̀."